Kí ẹ̀jẹ̀ dá kì í ṣe òpin ìtọ́jú

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ló ba ẹ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́, ó lápàá, ó le gbagidi. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ìfun bọ̀ kò rọ́nà gba inú rẹ̀ kọjá mọ́, ló bá ń ṣẹ́rí sínú àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn ìyẹn wú, ara wọn sì fẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá kò lè fi ìfúnpá inú iṣan ẹ̀dọ̀ yìí hàn. Ìgbẹ́ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ó dúdú bí ọ̀dà, ó ń dán, ó sì ń rùn lọ́nà tí ìgbẹ́ kì í gbà rùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sínú ni ìyẹn o. Nígbà tó yá ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀jẹ̀.

Kí kámẹ́rà tó dé ọ̀fun rẹ̀ ni wọ́n ti fi octreotide sínú omi tí wọ́n fà sí i lára, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ lọ sí ìfun lè dín kù. Wọ́n fún un ní ceftriaxone pẹ̀lú. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ló kan oògùn kòkòrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ó ní ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti lápàá tó tún ń ṣẹ̀jẹ̀, kòkòrò kì í pẹ́ ráyè wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀jẹ̀ á sì tún ya. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i dáadáa, dókítà kọ̀. Ó ní tí hemoglobin rẹ̀, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, bá wálẹ̀ sí 7 g/dL làwọn máa fún un, tó bá ti dé 8 ó tó, torí tí iṣan bá kún jù, ibi tó bẹ́ á tún bẹ́. Ó yẹ kí gbogbo ẹbí mọ èyí, kí wọ́n má baà máa bá dókítà jà.

Láàárín wákàtí 12 wọ́n ti ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lọ́fun, wọ́n ká rọ́bà kéékèèké mọ́ àwọn iṣan tó wú. Ara rẹ̀ yá, ó ní òun ò padà lọ mọ́. A ò gbà fún un. Ìfúnpá yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa ká rọ́bà sí i ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra títí àwọn iṣan náà á fi pa rẹ́. Ojoojúmọ́ ló sì ń lo propranolol, oògùn tó ń dín ìfúnpá yẹn kù. Láàárọ̀ mo máa ń fi ìka le ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo á máa wo aago, mo á ka bó ṣe ń lù: 55 sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan ni dókítà ń fẹ́.

* * *

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ti bàbá wa kọjá ohun tí rọ́bà lè ká. Ẹ̀jẹ̀ tún ya, ni wọ́n bá gba iṣan ọrùn wọlé lọ sínú ẹ̀dọ̀, wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín kan la ọ̀nà míì fún ẹ̀jẹ̀. TIPS ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ dá lóòótọ́. Àmọ́ èyí tó bá gba ọ̀nà àbùjá yẹn, ẹ̀dọ̀ ò rí i fọ̀, ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló ń gun ọpọlọ. Wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n ń jí lóru. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú ṣíbí, wọn ò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Lactulose, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ló gbà wọ́n, a ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n lè ṣe ìgbẹ́ rírọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ má fún ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní oògùn oorun o. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ.

* * *

Schistosomiasis, àrùn tí kòkòrò inú omi ń fà, ló dí iṣan ẹ̀dọ̀ tèmi. Asthma mi kò jẹ́ kí n lè lo propranolol, rọ́bà nìkan ni. Dókítà mi sì ní kí n má fẹnu kan àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣé propranolol kì í rẹ ẹ̀gbọ́n yín?

* * *

Ó rẹ̀ ẹ́ gan-an níbẹ̀rẹ̀, òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde lójijì. A ò dá a dúró fúnra wa, torí téèyàn bá já a jù sílẹ̀ lójijì, ìfúnpá á tún gòkè. Dókítà ló dín in kù, ó sì ti ń bá a lára mu báyìí.