Ìtàn ìrírí: brook trout tó kọ́kọ́ jẹ ìwọ̀ yín

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Virginia)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí brook trout, ẹja inú omi tútù ní Amẹ́ríkà, ṣe kọ́kọ́ jẹ ìwọ̀ mi, kẹ́yin náà lè sọ tiyín.

Etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí. Àwọ̀n ni bàbá mi ń dẹ, ìgèrè ni bàbá tó bí wọn ń dẹ. Nígbà tí ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n bá òun lọ pẹja lórí àwọn òkè Blue Ridge, mo gbé kúlà tó kún fún yìnyín sẹ́yìn mọ́tò. Oṣù kẹsàn-án ń parí lọ nígbà yẹn. A rìn wọ inú igbó títí, ó wá nawọ́ sí omi kan, ó ní a ti dé. Omi tí mo lè fò kọjá láìká ṣòkòtò! Mo rántí kúlà mi, mi ò sọ̀rọ̀.

Mill Prong lomi náà ń jẹ́, nínú Shenandoah National Park. Ibi tó ti pàdé Laurel Prong ni odò Rapidan ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Ààrẹ Herbert Hoover kọ́ àgọ́ ìsinmi rẹ̀ sí ní 1929. Ohun tó béèrè kò pọ̀: kó má jìnnà sí Washington ju máìlì 100 lọ, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2,500 kí ẹ̀fọn má bàa yọ òun lẹ́nu, kí trout sì wà nínú omi ibẹ̀. Èmi tí ẹ̀fọn ọ̀sà ti fi ṣe oúnjẹ alẹ́ fún ogún ọdún, ọ̀rọ̀ ààrẹ yẹn yé mi dáadáa.

Ìwọ̀ tiwa nílé, òjé ló ń gbé e lọ jìnnà. Ti fúláì kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn fúnra rẹ̀ ló wúwo, òun ló ń ru fúláì lọ. Fúláì ọ̀hún, ìyẹ́ àti irun ẹran lásán ni, tí wọ́n fi òwú wé mọ́ ìwọ̀ bíńtín kó lè jọ kòkòrò tó já bọ́ sómi. Mo ju ú lẹ́ẹ̀kíní, igi gbà á. Mo ju ú lẹ́ẹ̀kejì, igi ẹ̀yìn mi gbà á. Ẹ̀ẹ̀kẹta, fìlà mi ni. Ibi tí mo ti ń tú u lára fìlà ni mo ti rí òjìji dúdú mẹ́rin tó sá wọ abẹ́ òkúta, fìrì! Gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wò mí.

Ọ̀gá ní kí n kúnlẹ̀. Ẹja yìí máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, torí ibẹ̀ loúnjẹ ti ń wá bá a. Ẹ̀yìn lèèyàn ti ń yọ sí i, láti ìsàlẹ̀ odò. Mo bá ń fi orúnkún wọ́ bí ọmọ tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Igi ò jẹ́ kí n ráyè fi ọ̀pá sẹ́yìn, mo bá di fúláì mú lọ́wọ́ òsì, mo fà á títí ọ̀pá fi tẹ̀ bí ọrun, mo jọ̀ọ́ lọ. Ó balẹ̀ sórí omi jẹ́jẹ́. Kò tíì lọ tó ìwọ̀n apá kan tí nǹkan fi gbé e mì, pọ̀!

Ẹja náà kò gùn ju ọwọ́ mi lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ẹwà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ewé tó gbó, pẹ̀lú ilà wínníwínní bí ipa ekòló lórí ẹrẹ̀. Tóótòòtó pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aró yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Ikùn rẹ̀ pọ́n bí àgbálùmọ̀. Etí lẹbẹ rẹ̀ sì funfun, bí ìgbà téèyàn fi ẹfun là á.

Ọ̀gá ya fọ́tò, ó ní, "Ó yá, dá a padà." Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa ni. Àṣé ní Rapidan, òfin ò gbà kéèyàn mú ẹyọ kan lọ sílé. Omi yìnyín nìkan ni kúlà mi gbé délé. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí bàbá mi lórí WhatsApp. Èsì wọn kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Ìyá ẹ̀ dà?"

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Háà! Ìyá ẹ̀ dà! Ẹ bá mi kí bàbá o.

Savage River ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Oṣù keje ni, mo wa mọ́tò bíi wákàtí mẹ́ta láti Baltimore. Bí mo ṣe ń so okùn, bàbá àgbàlagbà kan tí mi ò mọ̀ rí yọ tẹmọ́mítà lápò, ó rì í bọmi, ó wò ó, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má pẹja lónìí. Omi ti kọjá 70 lórí Fahrenheit. Ó ní tó bá ti ju 68 lọ, ara ti ń ni ẹja yìí, torí omi tó bá ti móoru kì í gba atẹ́gùn dúró tó bó ṣe yẹ. Èyí téèyàn bá mú tó sì dá padà lè kú kéèyàn tó délé. Inú bí mi. Epo mọ́tò mi ńkọ́?

Ó ní kí n wá wo nǹkan. Níbi tí orísun kékeré kan ti ń ya wọ odò, ẹja tí mo kà tó mọ́kànlá, wọ́n tò bí èrò ìdí ẹ̀rọ omi, gbogbo wọn dorí kọ ibì kan náà. Mo ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, ó tutù nini bí omi inú àmù. Mo jókòó tì wọ́n, mo jẹ mọ́ínmọ́ín mi tán, mo yí mọ́tò padà.

Kí n tó gbàgbé: ẹ̀yin ará Maryland, ẹ má ra bàtà odò tí ìdí rẹ̀ jẹ́ fẹ́ẹ̀tì (felt), aṣọ nípọn tó máa ń fa omi. Wọn ò gbà á níbí láti 2011, torí ó máa ń kó ewédò láti odò kan lọ sí òmíràn. Mo ti ra tèmi kí n tó mọ̀. Ilé ìwẹ̀ ni mo fi ń fọ̀ báyìí.

Ará Pittsburgh

Brook trout ni ẹja ìpínlẹ̀ wa ní Pennsylvania, hemlock ni igi ìpínlẹ̀ wa, àwọn méjèèjì ò sì gbádùn. Kòkòrò kékeré kan tó ti Éṣíà wá, tó máa ń funfun bí òwú lábẹ́ ewé, ló ń mu oje hemlock títí á fi gbẹ. Tígi bá ti kú, oòrùn á ráyè wọ odò, omi á sì móoru. Ibi tí mo ti mú tèmi àkọ́kọ́, ibòji ni gbogbo ẹ̀ nígbà yẹn. Mo padà síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ńṣe ni mo fọwọ́ ṣíji bojú. Brown trout ni mo rí mú, kì í ṣe brook trout, ìran àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá láti Jámánì ní 1883. Ó tóbi o. Inú mi ò dùn sí i.

Ọlọ́bẹ̀ (Houston)

Ẹ má bínú o. Ẹ pẹja, ẹ ò jẹ ẹ́, ẹ tún jó epo. Kí lẹ wá ń ṣe gan-an?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Virginia)

Ọlọ́bẹ̀, bí bàbá mi ṣe béèrè gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n wá kí wa ní oṣù karùn-ún, mo mú wọn lọ sí Mill Prong. Wọn ò fọwọ́ kan ọ̀pá. Wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n kàn ń wo omi. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ọ̀kan wà lábẹ́ gbòǹgbò yẹn. Ó ti jáde lẹ́ẹ̀mejì." Èmi ò rí nǹkan kan. Mo fi orúnkún wọ́ débẹ̀, mo jọ̀wọ́ fúláì sẹ́bàá gbòǹgbò. Pọ̀! Ara mi ti wà lọ́nà jù, mo fa ọ̀pá kí ẹja tó panu dé. Fúláì fò padà, ó lọ kọ́ fìlà bàbá mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi dé ìdí mọ́tò. Ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò pé fìlà àwọn ni ọmọ àwọn rí mú ní Amẹ́ríkà.