Lórí “jẹjẹrẹ-ọ̀rá àjogúnbá”: kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi,

Mo ka àbá tí ẹnìkan nínú wa mú wá lánàá, pé kí a máa pe kókó ọ̀rá tí ó ń yọ sí ara àwọn tí àbùdá RB1 wọn (èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ jù) ní àléébù ní “jẹjẹrẹ-ọ̀rá àjogúnbá”. Mo mọ̀ pé ó ṣe làálàá, n kò sì fẹ́ bu iṣẹ́ rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó so pọ̀, méjì nínú wọn sì ṣìnà.

Lórí “jẹjẹrẹ”, a lè fi ọdún kan gbáko jiyàn lórí “rẹ” tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ (àgbà kan láàárín wa ṣì takú pé “rà” ni, n kò sì tí ì gbà fún un), ṣùgbọ́n “jẹ” tí a ṣe àpètúnpè rẹ̀ kò fara sin: ohun tí ó ń jẹ, tí kò sì yé jẹ. Kókó ọ̀rá kì í jẹ nǹkan kan. Bàbá mi àgbà ní ọ̀kan lẹ́yìn ọrùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ awọ bí ẹyin tí a bó, kò sì dùn wọ́n; “kókó” ni gbogbo ilé ń pè é títí wọ́n fi papò dà. Ẹ̀yìn ọrùn, èjìká àti òkè ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin tí ó ti dàgbà náà ni irú kókó ọ̀rá tí Enzinger àti Harvey, àwọn oníṣègùn méjì, ṣàpèjúwe ní 1975 ti wọ́pọ̀ jù, èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrànwú. “Kókó ọ̀rá onírànwú” ni èmi ń pè é. RB1 ti sọnù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, síbẹ̀ kò di jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní in kò sì bí i mọ́ra. Ní ti “jẹjẹrẹ aláìléwu” tí ẹlòmíràn fi ṣe àtúnṣe, ẹ jọ̀wọ́, olè tí kì í jalè ni.

“Ọ̀rá” kò ní ẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ́ ìwòyí tí ó bá gbọ́ ọ yóò kọ́kọ́ rántí èyí tí a fi ń di ẹrù.

“Bá” inú “àjogúnbá” gan-an ni ó ń bí mi nínú. Orí kúrómósómù 13 (ọ̀kan nínú àwọn okùn tí ó gbé àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì) ni RB1 wà, ẹ̀dà méjì ni ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìjánu sẹ́ẹ̀lì ni. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ń fi ẹ̀dà kan ṣoṣo dúró títí èkejì yóò fi bàjẹ́. Knudson, onímọ̀ nípa àbùdá, ti là á yé wa láti 1971. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí pẹ̀lú àléébù yìí, tí jẹjẹrẹ ojú sì mú kí wọ́n tó pé ọdún 5, ara wọn ni ó ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Kò sí i lára bàbá, kò sí i lára ìyá. Síbẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n bímọ, ìdajì sí ìdajì ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbà á.

Ọdún 19 ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn dókítà, nítorí náà n kì í ṣe aláìrí-nǹkan-sọ. Mo sọ “àjogúnbá” fún ìyá ọmọ kan rí. Kó tó di pé dókítà parí ọ̀rọ̀, ó ti yíjú sí ọkọ rẹ̀: “Ẹ ò rí i, ọ̀dọ̀ yín ni!” Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò, kò sí àléébù lára ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ti ba nǹkan jẹ́. Láti ọjọ́ náà, “àbímọ́” ni mo ń lò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ “àdámọ́”. “Mọ́” sọ ohun tí dókítà fẹ́ kí ènìyàn gbọ́: pé ó ti lẹ̀ mọ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ojú bá tilẹ̀ sàn, a óò máa ṣọ́ egungun àti ẹran ara nítorí jẹjẹrẹ mìíràn, àti pé bí kókó ọ̀rá bá yọ púpọ̀ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àgbà, àmì àléébù àbímọ́ náà lè jẹ́. “Mọ́” bá PTEN náà mu, àbùdá mìíràn tí àléébù rẹ̀ lè mú kókó ọ̀rá wá pẹ̀lú ewu jẹjẹrẹ ọmú.

Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ fi “bá” síbẹ̀, kí ó dá mi lóhùn: ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ní àléébù kankan, lọ́wọ́ ta ni ó ti jogún rẹ̀?