Fíìmù wo lẹ wò tí ọkàn yín ò kúrò nínú rẹ̀ mọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Oníran:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Alẹ́ àná ni mo wo When They See Us tán. Apá mẹ́rin péré ni, Ava DuVernay ló ṣe é ní 2019, lórí àwọn ọmọkùnrin márùn-ún tí wọ́n kó sẹ́wọ̀n ní New York lórí ọ̀ràn 1989 tí wọn ò mọwọ́ tí wọn ò mẹsẹ̀. Mo ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ní 2002 ni ilé ẹjọ́ wọ́gi lé ìdájọ́ wọn. Síbẹ̀, nígbà tó kan Korey Wise, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó kàn sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ wá a, mi ò lè jókòó mọ́. Ìdúró ni mo wà tí mo fi wò ó parí. Irú eré báyìí ni mo fẹ́ràn jù, àwọn ará ilé mi ò sì mọ ohun tí mo ń rí níbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo ló mú yín, kí ló sì ṣe yín gan-an?

Bàbá Ìbejì:
Grave of the Fireflies. Ó tán.

Wòran Òru:
Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì, kò tíì tán o! Ẹ ò lè dárúkọ fíìmù yẹn kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ wò ó. A rí i pé àwòrán ni, a ní eré ọmọdé ni. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó ti sọ fún wa pé Seita, ọmọkùnrin ará Japan tí ogun ká mọ́ nínú rẹ̀, máa kú: ó jókòó sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó ti rù kan eegun, ó sì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 1945 lòun kú. A ti mọ ìparí nìyẹn. A ṣì jókòó, a ń retí pé bóyá nǹkan máa yí padà. Ìgbà tó dé ibi tí Setsuko, àbúrò Seita obìnrin, ti kó òkúta jọ, tó ní oúnjẹ ni, tó ń rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó jẹ, àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Setsuko. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ títí tó fi lọ sùn. Láàárọ̀ ló wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú máa ń bí yín tí mo bá ń yọ yín lẹ́nu?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Títí di òní, tó bá pè mí, mi ò kì í jẹ́ kó pè lẹ́ẹ̀mejì.

Ajíṣafẹ́:
Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà lẹ ń sunkún lé lórí? Kò séèyàn níbẹ̀ o. Tí n ò bá ti rí ojú èèyàn gidi, omi ò lè bọ́ lójú tèmi.

Ìyá Dúró:
Ajíṣafẹ́, ṣé o ti wò ó?

Ajíṣafẹ́:
Rárá, mà.

Ìyá Dúró:
Ẹ̀n-ẹ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sinimá:
Ajíṣafẹ́, èèyàn gidi wà lẹ́yìn àwòrán yẹn. Akiyuki Nosaka tó kọ ìtàn náà ní 1967, òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí. Ebi pa àbúrò rẹ̀ obìnrin kú lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1945, kò sì dárí ji ara rẹ̀. Ìtàn tó kọ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ló fi ń bẹ ọmọ náà. Isao Takahata wá sọ ọ́ di fíìmù ní 1988. Ẹ gbọ́ èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu: wọ́n fi í hàn pọ̀ mọ́ My Neighbor Totoro, fíìmù ọmọdé tó ń múnú ẹni dùn, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, fíìmù méjì. Studio Ghibli ló ṣe méjèèjì. Ẹ wo òbí tó kó ọmọ lọ síbẹ̀ nítorí Totoro, tí Setsuko wá tẹ̀lé e.

Wòran Òru:
Háà. Ta ló ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Tolú Má-fọ̀rọ̀-pamọ́:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ẹ máa bínú tí ẹ bá fẹ́. Ìgbéraga Seita ló pa Setsuko. Mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibi kan náà ni mo ń bọ́ sí. Àǹtí wọn gbà wọ́n sílé. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé ló ń sọ sí wọn, ó sì ń bu ìrẹsì gidi fún àwọn ará ilé rẹ̀, ó ń bu omi ìrẹsì fún àwọn ọmọ náà. Àmọ́ òrùlé wà lórí wọn! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wá kó ọmọ ọdún mẹ́rin lọ sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún sísá fún bọ́ǹbù, nítorí pé ọ̀rọ̀ gún un lára. Àgbẹ̀ kan nínú fíìmù náà tiẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó padà lọ bẹ àǹtí náà. Kò lọ.

Ìyá Dúró:
Tolú! Àǹtí tó ní kí wọ́n kó kìmónò, aṣọ ìbílẹ̀ ìyá wọn tó ti kú, jáde, tó fi pààrọ̀ ìrẹsì, tó tún wá ń ka ìrẹsì ọ̀hún sí wọn lọ́rùn? Ìwọ ò tíì gbé lọ́dọ̀ ìbátan rí. Èmi gbé lọ́dọ̀ ìbátan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Oúnjẹ tí wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ bí o ṣe ń bù ú, kì í gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. Mo máa ń purọ́ pé mo ti yó. Ìgbà tí mo rí i tí Seita mú àbúrò rẹ̀ jáde nílé yẹn, mo pariwo níwájú tẹlifíṣọ̀n pé, "Máa lọ, ọmọ mi!" Mo mọ̀ pé ikú ló ń lọ bá. Mo ṣì ní kó máa lọ.

Tolú Má-fọ̀rọ̀-pamọ́:
Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mi ò ní kò dùn wọ́n. Mo ní àbúrò rẹ̀ kò ní ọ̀nà láti sọ pé òun ò bá a lọ. Owó tún wà ní báńkì, 7,000 yen tí ìyá wọn fi sílẹ̀.

Ìyá Dúró:
Nínú ogun, kí lowó fẹ́ rà? Kò sẹ́ni tó fẹ́ ta oúnjẹ fún wọn. Ọmọdé ni Seita náà, Tolú. Ọmọdé ni.

Bàbá Ìbejì:
Ìyá Dúró ló jàre.

Kẹ́hìndé A.:
Tolú ló jàre. Ẹ tún un wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sinimá:
Takahata fúnra rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé kí wọ́n má pe fíìmù náà ní fíìmù tó ń bá ogun jà. Bí ọmọ méjèèjì ṣe ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwùjọ ló jẹ ẹ́ lógún. Nítorí náà, Tolú ò sọ ìsọkúsọ.

Ìyá Dúró:
Kí Takahata náà wá bá mi nílé kó wá sọ ọ́.

Délé Aláàjìn:
Ẹ jẹ́ kí àwa tó kù náà rí àyè sọ̀rọ̀. Chernobyl ni tèmi, síríìsì lórí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó bú gbàmù ní 1986, apá márùn-ún, 2019. Mo wo bí ara àwọn panápaná ṣe ń jẹrà lórí ibùsùn, mi ò gbójú kúrò. Apá kẹrin ló ṣẹ́gun mi. Wọ́n kó ọmọkùnrin kan tí kò yìnbọn rí, wọ́n ní kó máa wọ ilé kiri, kó máa pa àwọn ajá tí àwọn onílé fi sílẹ̀. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo jáde síta. Mo ní ajá nígbà náà. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Ajíṣafẹ́:
Èèyàn ń kú, ẹ ò sunkún. Ajá lẹ wá sunkún fún.

Délé Aláàjìn:
Àwọn èèyàn yẹn, ó kéré tán, ẹnì kan lè ṣàlàyé fún wọn. Ajá rí èèyàn, ó rò pé olówó òun ló dé. Ohun tí mi ò lè gbé nìyẹn.

Wòran Òru:
Ẹ̀gbọ́n Délé, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń fọ́ èèyàn, ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n dà ni. Ìdí tí èmi kì í fi wo àwọn eré tí wọ́n kàn ń gé orí kiri nìyẹn. Kò sí ìbànújẹ́ níbẹ̀, ariwo ni. Ẹ wo 12 Years a Slave, ti 2013. Wọ́n so Solomon rọ̀ sórí igi, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fi tọ́ ilẹ̀ kó má bàa kú. Kámẹ́rà ò mira. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn ń bá iṣẹ́ wọn lọ, àwọn ọmọdé ń ṣeré. Kò sí orin tó máa sọ fún ẹ pé sunkún báyìí. Èmi ni mo ń wá ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

Àbẹ̀kẹ́ Oníran:
Ìdí tí mo fi ń wò wọ́n gan-an lẹ sọ yẹn. Màá ka ọ̀rọ̀ yìí sí àwọn ará ilé mi létí.

Ajíṣafẹ́:
Ẹ padà sórí Chernobyl. Wọ́n ní obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀, Khomyuk, kò sí lóòótọ́. Irọ́ ni wọ́n fi pa yín lẹ́kún nígbà náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sinimá:
Wọ́n fi í dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ tó ran Legasov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìtàn náà dá lé, lọ́wọ́ ni. Síríìsì náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sójú amóhùnmáwòrán níparí. Wọn ò fi pamọ́.

Ajíṣafẹ́:
Mo gbọ́. Mi ò sì gbà.

Aláìlórúkọ:
Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnì kan tó sún mọ́ mi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n wo 13 Reasons Why, ó ní ó máa ràn mí lọ́wọ́. Kò ràn mí lọ́wọ́. Ní apá tó kẹ́yìn sáà àkọ́kọ́, wọ́n fi hàn kedere bí ọmọbìnrin inú rẹ̀ ṣe gba ẹ̀mí ara rẹ̀. 2017 ni síríìsì náà jáde, oṣù keje 2019 ni Netflix tó yọ ibẹ̀ kúrò. Mo ti wò ó kí wọ́n tó yọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kúrò lójú mi. Nítorí náà, tí ẹ bá ń sọ pé eré tó dúdú ń wo ọkàn sàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè ta ló fẹ́ wò ó. Manchester by the Sea ló bá mi sọ̀rọ̀. Ọkùnrin inú rẹ̀ kò rí ìwòsàn. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé ó máa tán lára mi. Fíìmù yẹn nìkan ló gbà pé ó lè má tán, kí èèyàn sì máa jí, kó máa lọ síbi iṣẹ́, kó máa tọ́jú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú.

Ìyá Dúró:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ gidigidi. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Tó o bá ń fẹ́ ẹni tó máa kàn gbọ́ tìẹ, mo wà níbí.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Délé Aláàjìn:
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni tèmi. Mi ò tíì sọ ọ́ níbikíbi rí. Mo máa wá Manchester by the Sea.

Aláìlórúkọ:
Ẹ má dá wò ó o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sinimá:
Ọ̀rọ̀ gidi ni. Robin Dunbar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford gbé ìwádìí kan jáde ní 2016. Wọ́n fi fíìmù ìbànújẹ́ kan han àwọn kan, wọ́n fi fíìmù nípa ilẹ̀ àti ohun àtijọ́ han àwọn mìíràn. Wọ́n ní kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n lóṣòó bí ẹni tó jókòó sórí àga tí kò sí, kí wọ́n wo bó ṣe máa pẹ́ tó. Àwọn tí ìbànújẹ́ wọ̀ lára fara da ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì tún sún mọ́ àwọn tí wọ́n jọ wò ó.

Ajíṣafẹ́:
Lílóṣòó níbi ògiri ló máa sọ bóyá fíìmù dára?

Wòran Òru:
Ajíṣafẹ́, gbogbo nǹkan ni ìwọ ń jiyàn lé lórí.

Ọláìítán:
Èmi ò fara mọ́ wíwò pọ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń tẹ fóònù. Tàbí kó béèrè pé, "Ta nìyẹn? Kí ló dé tó ń sunkún?" níbi tó gbóná jù.

Kẹ́hìndé A.:
Ọkọ mi gan-an nìyẹn!

Ìyá Ọlọ́mọ:
Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ wo Adolescence ti 2025. Apá mẹ́rin ni, wọn ò gé kámẹ́rà rárá, wọ́n tàn án, ó di ìparí apá kí wọ́n tó pa á. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n mú fún ìpànìyàn, ọjọ́ orí ọmọ tèmi gan-an. Nínú apá kejì, ọmọ ọlọ́pàá ló ní láti ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ ohun tí àwọn àmì kéékèèké tí ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ síra wọn túmọ̀ sí. Mo yíjú sí ọmọ mi, mo ní ṣé òótọ́ ni? Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ni?" A dá a dúró. Ó sọ nǹkan fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí kò jẹ́ sọ ká ní mo pè é jókòó pé ó yá, wá sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Nígbà tí a padà sídìí rẹ̀, tó kan apá kẹta, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ yàrá kan ṣoṣo, ọmọ náà àti obìnrin onímọ̀ nípa ọkàn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì.

Àbẹ̀kẹ́ Oníran:
Apá kẹta yẹn! Ọwọ́ obìnrin yẹn nígbà tí ọmọ náà jáde tán. Ẹ kíyè sí ọwọ́ rẹ̀.

Ọláìítán:
Ẹni ọdún mẹ́tàlá ti kéré jù láti wò ó, mà.

Ìyá Ọlọ́mọ:
Ohun tí wọ́n ń wò lórí fóònù lẹ́yìn wa burú jù ú lọ.

Ajíṣafẹ́:
Mo ti wo Grave of the Fireflies.

Wòran Òru:
Ẹ̀n-ẹ́n? Omi bọ́ lójú ẹ?

Ajíṣafẹ́:
Ó bọ́. Mo gba ohun tí ẹ sọ nípa àwòrán. Ìyá Dúró, ẹ má bínú o, ẹ̀yìn Tolú ni mo wà lórí ọ̀rọ̀ àǹtí yẹn.

Tolú Má-fọ̀rọ̀-pamọ́:
Ẹ ṣeun!

Ìyá Dúró:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dá mi lóhùn ohun kan péré: ta ló jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi kìmónò ìyá wọn rà?