Ẹ gbà mí o: fọ́ńdù oníṣíìsì pẹ̀lú efinrin fún àlejò, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í ta kókó?

ÌyáIléÌjàpọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí Sátidé tó dé. Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ wálé láti Switzerland pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ní Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé sí kí wọ́n tó kọjá sí Oǹdó lọ kí màmá. Ìyàwó yẹn, ọmọ ibẹ̀ ni, òyìnbó ni, àmọ́ bó ṣe ṣe mí lálejò nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ wọn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé. Alẹ́ tí mo débẹ̀, òtútù ti wọ̀ mí dé egungun, ló bá gbé ìkòkò kan ka àárín tábìlì, iná kékeré ń jó lábẹ́ ẹ̀, ṣíìsì tó ti yọ́ ló wà nínú ẹ̀, ó fún kálukú ní fọ́ọ̀kì gígùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi gún búrẹ́dì, à ń tì í bọ inú ìkòkò, à ń yí i, à ń jẹ. Wọ́n ní fọ́ńdù ló ń jẹ́. Bí a ṣe yí ìkòkò kan ṣoṣo yẹn ká, ṣe ló dà bí ìgbà tí bàbá wa máa ń pè wá jọ sídìí àwo iyán kan, tí ọwọ́ gbogbo wa á máa pàdé nínú ọbẹ̀. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé ọjọ́ tí obìnrin yìí bá wá sílé mi, màá se oúnjẹ ilé ẹ̀ fún un, àmọ́ ewé tiwa ni màá fi sí i, efinrin tó wà lẹ́yìnkùlé mi.

Mo wá dán an wò lánàá, inú mi ò dùn rárá. Mo ra ṣẹ́dà, irú ṣíìsì líle kan, ní súpámákẹ́ẹ̀tì lọ́nà Ọba Adésidà, mo gé e kéékèèké, mo ní kó lè pọ̀, mo bá ra wàrà kún un l'Ọ́jà Ọba, mo da mílíkì sí i, mo tan gáàsì, mo jẹ́ kí iná yẹn le dáadáa kó lè tètè yọ́. Kí ẹ wá wò ó! Ṣẹ́dà dì gbàgìdì sísàlẹ̀, ó ń fà bí rọ́bà, epo léfòó sókè, wàrà ní tiẹ̀ kò tilẹ̀ yọ́ rárá, bí mo ṣe rà á ló ṣe wà, efinrin ti dúdú ó ti korò. Owó ṣíìsì báyìí kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi dánra wò lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? A ò kì í mu ọtí nílé wa, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń fi wáìnì sí i, kí ni mo lè fi rọ́pò ẹ̀? Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́, báwo ló ṣe máa gbóná títí àlejò á fi jẹun tán? Èèyàn mẹ́fà la máa jẹ́. Ẹ ṣeun púpọ̀.

AlásèAlágbàka
Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ ṣe é tí kò bà á jẹ́. Mo ti ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì fún ọdún mẹ́sàn-án, ohun tó ba tiyín jẹ́ ni iná àti wàrà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti wàrà. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé wá, orí iná ni wọ́n ti fi oje bòmubòmu mú un dì, iná ló sọ ọ́ di wàrà, iná ò sì lè yọ́ ọ mọ́. Ẹ dín in, ó dúró, ẹ fi sínú ẹ̀fọ́, ó dúró. Ìdí nìyẹn tó fi dáa fún ọbẹ̀, àmọ́ ẹ má wulẹ̀ fi sínú fọ́ńdù.

Ti ṣẹ́dà wá ńkọ́? Purotéènì ló di ṣíìsì mú, kálísíọ́ọ̀mù sì ni okùn tó so wọ́n pọ̀. Tí iná bá rọra wọ̀ ọ́, ọ̀rá inú ẹ̀ á rọ̀, okùn yẹn á dẹ̀, ṣíìsì á yọ́. Tí iná bá le, purotéènì yẹn á sún mọ́ra wọn gan-in, wọ́n á fún omi àti ọ̀rá dànù bí ẹni ń fún aṣọ, ohun tí ẹ rí lánàá nìyẹn. Wáìnì funfun tí wọ́n ń fi sí i, kíkan inú ẹ̀ ni wọ́n ń wá, kíkan yẹn ló ń bá wọn tú kálísíọ́ọ̀mù kúrò níbi tó so mọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ á ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín láìsí ọtí kankan. Kọnstáàṣì, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń yọ lára àgbàdo, náà ṣe pàtàkì, òun ló ń wọ àárín purotéènì tí kì í jẹ́ kí wọ́n tún lẹ̀ mọ́ra wọn padà.

Bí mo ṣe máa ṣe é fún èèyàn mẹ́fà tí wọ́n ṣì máa jẹ oúnjẹ míì lẹ́yìn ẹ̀: ṣíìsì 400 gíráàmù. Tí ẹ bá rí Gruyère àti Emmental, ìyẹn gan-an ni tiwọn lọ́hùn-ún, àmọ́ ó wọ́n, kì í sì í fi gbogbo ìgbà sí nílùú wa níbí. Ẹ ra ṣẹ́dà tí kò tíì gbó púpọ̀, èyí tó ti gbó tó ń fọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ máa ń tètè da epo. Ẹ lè fi mòsarélà díẹ̀ kún un, àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù á máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ má gé e o, ẹ rin ín ni, bí ẹ ṣe ń rin ilá, ẹ wá bu kọnstáàṣì ṣíbí ìjẹun kan lé e, ẹ fi ọwọ́ pò ó títí gbogbo ẹ̀ á fi funfun díẹ̀. Ẹ bẹ́ aáyù kan sí méjì, ẹ fi pa inú ìkòkò yíká, ìkòkò tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ da omi ẹran tí kò níyọ̀ púpọ̀ sí i, bíi 200 mílílítà, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan àti táìmù gbígbẹ fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá ti ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, kó tó hó, ẹ rẹ iná sílẹ̀ pátápátá, ẹ wá máa fi ṣíìsì sí i ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ìkínní bá yọ́ tán kẹ́ ẹ tó fi ìkejì sí i. Ìkánjú ni kò fẹ́. Ẹ fi ṣíbí onígi rò ó lọ rò ó bọ̀, ẹ má kàn máa yí i lójú kan. Kò gbọ́dọ̀ hó láéláé.

Efinrin: ìgbà tí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ tán ni kẹ́ ẹ tó fi sí i. Ewé márùn-ún péré, ẹ rẹ́ ẹ wínníwínní. Efinrin lágbára ju àwọn ewé òyìnbó lọ, iná sì ló sọ ọ́ di dúdú lánàá. Àlùbọ́sà eléwé náà dáa níbẹ̀, apá tó tutù yọ̀yọ̀ yẹn.

ÌyáIléÌjàpọ̀
Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ṣì wà o. Ṣé mi ò wá ní í fi mílíkì sí i mọ́ ni? Àti pé tí mi ò bá rí kọnstáàṣì, ṣé kọ́sítáádì tàbí ògì ò lè ṣe é?

AlásèAlágbàka
Ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú. Tí ẹ bá fẹ́ lo mílíkì inú agolo, ẹ yọ ọsàn wẹ́wẹ́ kúrò, torí méjèèjì ò gbé pọ̀, mílíkì lè já. Ẹ wá fi ṣíìsì onígun mẹ́ta tó wà nínú páálí róbótó yẹn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún kún ṣẹ́dà, wọ́n ti fi iyọ̀ kan sí ìyẹn láti ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ kó yọ́ jọ̀lọ̀, ó ń bá ṣẹ́dà náà ṣe é. Ó máa dùn, àmọ́ ó máa wúwo lẹ́nu díẹ̀ ju ti ọsàn lọ.

Kọ́sítáádì, rárá o. Kọnstáàṣì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àwọ̀ àti fàǹílà sí i. Ògì ní òórùn tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà fún ẹ̀kọ.

Tó bá sì tún fẹ́ ta kókó lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dààmú ẹ má dà á nù, ẹ sọ ọ́ kúrò lórí iná kíá, ẹ po kọnstáàṣì ṣíbí tíì kan mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ dà á sí i, ẹ gbé e padà sórí iná tó rẹlẹ̀, ẹ rò ó kíkankíkan. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò.

ỌmọẸkimọgun
Ẹ kú àbọ̀ àlejò o. Mo gbé ní Geneva fún ọdún mẹ́rin, nǹkan tí mo fẹ́ fi kún un nìyí. Orúkọ yẹn, ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí yíyọ́ ni wọ́n ti mú un. Ó ti pẹ́ o, ìwé oúnjẹ kan wà tí wọ́n kọ ní Zürich ní 1699 tó ti sọ bí èèyàn ṣe ń fi wáìnì se ṣíìsì, àmọ́ ẹ̀yìn 1930 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣíìsì wọn polówó ẹ̀ débi tó fi di oúnjẹ gbogbo ìlú. Tó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n fẹ́ jẹ yó lálẹ́, 200 gíráàmù ni wọ́n ń kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí náà 400 fún èèyàn mẹ́fà, ìpanu ni, ẹ se nǹkan míì sílẹ̀ lóòótọ́.

Búrẹ́dì ló máa yọ yín lẹ́nu. Búrẹ́dì wa rọ̀ ó sì ládùn, tó bá ti wọnú ìkòkò báyìí á já bọ́ sílẹ̀. Ẹ ra á ní Fúráìdé, ẹ gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin, kí ègé kọ̀ọ̀kan ní èèpo díẹ̀ lára, ẹ má bò ó títí di ọjọ́ kejì. Ẹ ti fọ́ọ̀kì láti inú wá sí èèpo. Tí búrẹ́dì ẹni bá bọ́ sínú ìkòkò lọ́hùn-ún, wọ́n á ní kó ra nǹkan mímu fún gbogbo ilé, àwọn ọmọ yín máa gbádùn ìyẹn. Àmọ́ tí ẹ bá bi mí, dùndú ló dáa jù. Iṣu tó gbó dáadáa, kẹ́ ẹ gé e níwọ̀n àtàǹpàkò, kẹ́ ẹ dín in kí ara ẹ̀ le kí inú ẹ̀ rọ̀. Mo máa ń ṣe é fáwọn ọ̀rẹ́ mi ní Geneva, wọn kì í jẹ́ kó tutù.

Wọn kì í mu omi tútù sí i o, wáìnì tàbí tíì gbígbóná ni. Ẹ fún wọn ní tíì.

MàmáOníwàrà
Ẹ pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ẹ má ju wàrà yẹn nù, ẹ dín in kí ara ẹ̀ pọ́n, kí wọ́n máa fi fọ́ọ̀kì gún un bọ inú fọ́ńdù yín. Alásè ti sọ pé kì í yọ́, kí ló wá dáa ju ohun tí kì í yọ́ lọ láti fi bọ ohun tó gbóná? Igi súyà náà lè dúró fún fọ́ọ̀kì gígùn, ẹ ṣáà fọ̀ ọ́.

Ẹ sì sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n tó jókòó pé fọ́ọ̀kì tó wọ ìkòkò kì í kan ètè tàbí ahọ́n. Kí wọ́n fi eyín yọ ọ́ pẹ̀lẹ́, tàbí kí kálukú sọ tiẹ̀ sínú àwo kó tó fi fọ́ọ̀kì míì jẹ ẹ́. Láyé àtijọ́, a ń jẹ nínú àwo kan, àmọ́ kálukú ti fọ ọwọ́ ẹ̀ dáadáa kó tó jókòó.

Ní ti iná, ẹ gbé ìkòkò náà sínú abọ́ fífẹ̀ tí omi gbígbóná wà nínú ẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn. Tàbí kẹ́ ẹ to bíríkì mẹ́ta yíká àbẹ́là kúkúrú méjì kẹ́ ẹ gbé e lé e, ìyẹn tó o. Ẹ má gbé àdògán eléèédú wọ pálọ̀ tí wọ́n ti pa fèrèsé dé, nítorí Ọlọ́run. Èéfín ẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pa èèyàn.

ÌyáIléÌjàpọ̀
Ẹ̀yin ará ilé, mo padà dé. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Ti ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo ṣe. Mo rin ṣíìsì náà láàárọ̀, mo pò ó mọ́ kọnstáàṣì, mo gbé e sínú fíríìjì. Nígbà tí mo wá dé ìdí iná, ẹ̀kúnwọ́ kẹta ló bà mí lẹ́rù, ó fẹ́ máa ta kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rántí ohun tí Alásè sọ, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo rò ó, ó túká. Ìgbà tí mo dé ẹ̀kúnwọ́ tó kẹ́yìn, mo gbé ṣíbí sókè, ó ń ṣàn wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láìjá, ó ń dán. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi, mi ò parọ́.

Wọ́n mú iná lọ ní agogo méje géérégé bí a ṣe ń jókòó. Bíríkì àti àbẹ́là Màmá ló gbà wá, a ò tilẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, iná àbẹ́là yẹn nìkan la fi ń ríran lórí tábìlì. Dùndú tán kí búrẹ́dì tó dé ìdajì. Wàrà díndín náà tán. Àbúrò ọkọ mi jẹ ẹ̀kínní, ó dákẹ́, ó ní "efinrin nìyí?", ó tún ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ìyàwó ẹ̀ bi mí ní orúkọ ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè pè é dáadáa, mo bá mú un lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó já ewé kan, ó fi ọwọ́ rà á, ó gbóòórùn ẹ̀ pẹ́.

Ìgbà tí ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, mo fẹ́ gbé e lọ fọ̀, ló bá di ọwọ́ mi mú. Èyí tó ti gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò tó pọ́n bí èèpá, ó ní wọ́n ń pè é ní religieuse nílé wọn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà nù. Ó fi ọ̀bẹ há a kúrò pẹ̀lú sùúrù, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́fà, ó pín in fún wa yíká, màmá ọkọ mi tí kò bá wa wá, ó ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lára tiẹ̀, ó wé e sínú fọ́ìlì pé òun máa gbé e lọ fún wọn l'Óǹdó.