Kí gan-an ni iṣẹ́ General Staff àwọn Jámánì, kí ló dé tí wọ́n fi ní kí wọ́n tú u ká ní 1919?

Ọmọ_Òkè_Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń ka ìtàn Ogun Àgbáyé Kìíní láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo wá dé ibì kan tó rú mi lójú. Àdéhùn Versailles ti 1919 tó parí ogun náà, nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì, ọkọ̀ òfúrufú ogun, ìbọn ńláńlá, ọkọ̀ abẹ́ omi, wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n tú General Staff wọn ká, kò sì gbọdọ̀ padà wá lọ́nàkọnà. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu. Ìbọn yé mi, ọkọ̀ ogun yé mi, ṣùgbọ́n èèyàn tó jókòó sídìí tábìlì tó ń fi pẹ́ńsù fa ìlà lórí máàpù, kí ni wọ́n ń bẹ̀rù lára rẹ̀? Ṣebí gbogbo ọ̀gágun ló ní àwọn tó ń bá a kọ̀wé. Ìkejì, tí ọpọlọ wọn bá pé tó bí gbogbo èèyàn ṣe ń wí, báwo ni wọ́n ṣe pàdánù ogun ńlá méjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Àgbà_Onímáàpù

Àbúrò, o kú ìwádìí. Ká tó dé 1919, ká kọ́kọ́ padà sí 1806. Jámánì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan nígbà yẹn, Prọ́ṣíà ni tiwọn, wọ́n sì gbójú lé ògo Frederick ọba wọn tó ti kú láti 1786. Napoleon ọba Faransé wá ko wọ́n lójú ní Jena àti Auerstedt, October 14, ọjọ́ kan péré ló fi fọ́ wọn túútúú. Àwọn ọ̀gágun wọn ti darúgbó, ìdílé ọlọ́lá ni ọ̀pọ̀ wọn fi dé ipò, kálukú ń pàṣẹ tirẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Scharnhorst, ọmọ àgbẹ̀ ni o, láti agbègbè Hanover, òun ló rí i pé orílẹ̀-èdè ò lè jókòó kó máa retí kí Ọlọ́run bí ẹni bíi Napoleon fún un. Kí wọ́n ṣa àwọn ọ̀fíísà tó gbọ́n jọ, kí wọ́n kọ́ wọn títí ìrònú wọn á fi ṣọ̀kan, kí wọ́n wá pín wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀gágun, kó jẹ́ pé bí ọ̀gágun bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba tí ò mọ nǹkan kan, ẹni tó mọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 1810 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ogun sílẹ̀ ní Berlin fún iṣẹ́ yìí.

O ní akọ̀wé ni wọ́n, rárá o. Wo Blücher ní 1815. Ẹni ọdún 72 ni baba yẹn, akíkanjú ni, ṣùgbọ́n Gneisenau tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ro ibi tí ẹsẹ̀ máa gbà. June 16, Napoleon lù wọ́n ní Ligny, ẹṣin ṣubú lu Blücher mọ́lẹ̀, wọ́n wá a tì. Gneisenau ò dúró retí ẹnikẹ́ni, ó ní kí ogun náà fà sẹ́yìn sí ìhà àríwá, sí Wavre, dípò kí wọ́n kọjú sílé. Torí pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sún mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó láti dé Waterloo ní June 18, òun ló sì parí ìjọba Napoleon. Tí Gneisenau bá gba ọ̀nà ilé ni, ta ni yóò ti dé Waterloo?

Ọmọ_Réluwéè

Ẹ̀gbọ́n ti là á, ẹ jẹ́ n bọ́ sí ibi tí mo fẹ́ràn jù, torí réluwéè ni baba mi fi tọ́ wa, mo sì mọ bí ọpọlọ ṣe ń gbóná kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé lórí réèlì kan ṣoṣo. Moltke àgbà di olórí General Staff ní 1857, kó tó débẹ̀ ó ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ réluwéè tó lọ láti Berlin sí Hamburg. Nígbà tí àwọn ọ̀gágun yòókù ń ro ti ẹṣin, ọkùnrin yìí ń ro ti wákàtí tí ọkọ̀ máa gbéra. Ní 1866 tí wọ́n kọjú sí Austria, ojú irin márùn-ún ni Prọ́ṣíà fi kó ọmọ ogun lọ, Austria ní ẹyọ kan. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọmọ ogun Prọ́ṣíà gbà wọlé, ojú ogun Königgrätz ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n ní ọ̀gágun kan gba ìwé àṣẹ lọ́jọ́ yẹn ó ní ọ̀rọ̀ yìí dáa o, àmọ́ ta ni Moltke? Ẹ wo bí wọn ò ṣe mọ̀ ọ́n tó.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí Faransé. Àwọn Faransé ń wọ ọkọ̀ láì tíì gba aṣọ àti ìbọn tán, ẹlòmíràn ń lọ ẹlòmíràn ń bọ̀, wọn ò rí ọ̀gá wọn. Jámánì ní tiwọn, láàárín ọjọ́ 18, ọmọ ogun tó lé ní 450,000 ti wà lẹ́nu ibodè. September 2, 1870, Ọba Napoleon Kẹta fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ wọn ní Sedan. Gbogbo ètò yẹn ti wà nínú ìwé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un kọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, wọ́n fi ṣiṣẹ́ ṣe ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ayé wá ń wo wọn kọ́, Japan ní kí ọ̀fíísà wọn kan tó ń jẹ́ Meckel wá kọ́ àwọn ní Tokyo ní 1885, Amẹ́ríkà náà dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1903.

Ọmọ_Òkè_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n. Ó ti ń yé mi ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rù wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ńkọ́, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yìí kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní 1914?

Adétòkunbọ̀_ní_Peckham

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè bi wọ́n léèrè mọ́. Láti 1883 ni olórí General Staff ti ń wọlé tọ Káísà, ọba Jámánì, tààrà láì gba ọwọ́ mínísítà kankan. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń borí lójú ogun ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ bóyá ogun náà tọ́ tàbí kò tọ́, àti ohun tí wọ́n fẹ́ gbà níbẹ̀, ìyẹn ò sí nínú ẹ̀kọ́ wọn. Schlieffen tó ṣe olórí láti 1891 sí 1906 fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ro bí wọ́n ṣe máa gba Bẹ́ljíọ̀m kọjá lọ yí Faransé po. Bẹ́ljíọ̀m ò bá ẹnikẹ́ni jà o, àdéhùn sì wà pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn ló kó Gẹ̀ẹ́sì bọ inú ogun. Ní 1913 wọ́n tiẹ̀ pa ètò kejì tì, èyí tó kọjú sí Rọ́ṣíà nìkan. Ìgbà tó wá di August 1, 1914, tí Káísà gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí Gẹ̀ẹ́sì má dá sí i tí Jámánì ò bá ti kọlu Faransé, ó ní kí wọ́n darí gbogbo ogun sí ìlà oòrùn. Moltke kejì, ọmọ àbúrò ti àkọ́kọ́, tó jẹ́ olórí General Staff nígbà yẹn, ní kò ṣeé ṣe, pé ètò ọkọ̀ ti jáde. Ẹ wò ó, orílẹ̀-èdè odidi, ìwé àkókò réluwéè ló wá ń pàṣẹ fún un.

Ohun kan tó máa ń dùn mí, tí wọn kì í sọ tí wọ́n bá ń yin àwọn èèyàn yìí: Schlieffen yìí kan náà ni Káísà gbé ogun ilẹ̀ Namibia lé lọ́wọ́ ní 1904. Ọ̀gágun von Trotha ló wà lójú ogun, ó lé àwọn Herero, ẹ̀yà kan níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé wọ aṣálẹ̀ Omaheke, ó sì pàṣẹ ní October 2 pé Herero tí wọ́n bá rí kí wọ́n yìnbọn fún un. Schlieffen kọ̀wé ní Berlin pé èrò Trotha dáa, agbára àtiṣe é tán ni kò ní. Oṣù December kí wọ́n tó fagi lé àṣẹ yẹn. Ìwé tí General Staff fúnra wọn tẹ̀ jáde ní 1906 kọ ọ́ gbangba pé aṣálẹ̀ ni yóò parí ohun tí ìbọn bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pọlọ ni wọ́n lóòótọ́, àwọn tó kú sínú iyanrìn yẹn wà lọ́rùn wọn. 2021 ni ìjọba Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara wọn pè é ní ìpẹ̀yàrun.

Àgbà_Onímáàpù

Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu ba Herero, mi ò bá ti gbàgbé.

Kí n fi èyí kún un fún àbúrò. Títú tí wọ́n ní kí wọ́n tú u ká ní 1919 yẹn, orúkọ nìkan ló yí padà. Wọ́n gba Jámánì láyè ọmọ ogun 100,000, ọ̀fíísà 4,000 péré, ọ̀gágun wọn Seeckt wá ṣa àwọn tó dáa jù kó sínú ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní Truppenamt, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí Hitler dé, Beck tó jẹ́ olórí wọn kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní August 1938 torí ó rí i pé ogun tó ń bọ̀ máa run ilẹ̀ wọn, ó retí kí àwọn ọ̀gágun yòókù bá a jáde, wọn ò jáde. Halder ló bọ́ sípò rẹ̀, abẹ́ òun ni wọ́n ti ṣètò ogun Rọ́ṣíà ti 1941. Wọ́n ṣírò pé bíi ìpín ogun 200 ni Rọ́ṣíà máa ní, kó tó di àárín August wọ́n ti ka 360. Àṣẹ pípa àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà láàárín ọmọ ogun Rọ́ṣíà tí wọ́n bá mú náà wà níbẹ̀, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n fi ránṣẹ́. Kóòtù Nuremberg tó dá àwọn aṣáájú Jámánì lẹ́jọ́ lẹ́yìn ogun ò pe General Staff lápapọ̀ ní ẹgbẹ́ ọ̀daràn, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ sọ pé wọ́n dójú ti iṣẹ́ ológun.

Jámánì tòní ò ní irú rẹ̀ mọ́. Mínísítà ló ń pàṣẹ fún ogun nígbà àlàáfíà, ọ̀gá ológun àgbà wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń gbà á nímọ̀ràn. Nígbà tí wọ́n sì tún kó ológun jọ, tí àwọn 101 àkọ́kọ́ gba ìwé wọn, ọjọ́ tí wọ́n mú ni November 12, 1955, ọjọ́ tó pé 200 ọdún tí wọ́n bí Scharnhorst, ọmọ àgbẹ̀ yẹn.