Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe "summer bridge" kẹ́ ẹ tó wọ iléèwé iṣẹ́ ọnà: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ará Brooklyn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn òbí kan ń bi mí léèrè nípa ètò tí àwọn iléèwé iṣẹ́ ọnà àti dísáìnì níbí máa ń ṣe fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní summer bridge. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílé, ọmọ á ti kó lọ sí họ́sítẹ́lì, á máa kọ́ṣẹ́, á sì ti mọ ọ̀nà inú ọgbà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ṣé torí wọ́n rò pé àwọn ọmọ wa ò mọ nǹkan ni?" Mo ní kí n kúkú dáhùn níbí, kí ẹ̀yin tó kù lè bá mi dá sí i.

Èmi ṣe tèmi ní iléèwé kan ní New York. Mo mọ àwòrán yà kí n tó débẹ̀. Ní háí skúù, èmi ni wọ́n máa ń gbé gbogbo páálí ìkéde fún. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Crit ni wọ́n kọ́ mi.

Ẹni tí kò bá dé ibi crit rí, bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ óò gbé iṣẹ́ yín kọ́ sára ògiri láàárọ̀, gbogbo kíláàsì á dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bíi pé ẹ ò sí níbẹ̀. Èé ṣe tí orí fi wà láàárín gbùngbùn? Kí ló dé tó fi jẹ́ èédú lo lò? Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá ti mọ̀ pé tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, òun á dákẹ́, òun á sì wolẹ̀. Ní crit, tó o bá dákẹ́ tó o wolẹ̀, wọ́n á ní o ò ní èrò kankan nínú. Mo rí àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn mọ́ iṣẹ́ jù mí lọ tí wọ́n gba C nítorí pé wọn ò yanu. Olùkọ́ wa ní sọ́mà yẹn, obìnrin dúdú kan láti Georgia, á ní kí oníkálùkù wa dúró ti iṣẹ́ rẹ̀ kó gbèjà rẹ̀. Tó o bá sọ pé "ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ ni", á ní, "Ó wù ẹ́, mo gbọ́. Kí lo wá fẹ́ kó ṣe fún èmi tí mò ń wò ó?" Mo sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí sáà fi máa bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi ti yá.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n bá kọ "àwọ̀ ara" sí lára, àwọ̀ òyìnbó ló máa ń jẹ́. Obìnrin yìí kó wa jókòó, ó ní kí kálukú wa po àwọ̀ apá ara rẹ̀: burnt sienna, ultramarine, yellow ochre díẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀dà dúdú, torí pé tẹ́ ẹ bá fi í kun ènìyàn dúdú, eérú ló máa jọ, ẹ̀mí ò ní sí nínú rẹ̀. Ó ní ká wo òjìji abẹ́ àgbọ̀n wa dáadáa, ká rí i pé búlúù ni, nígbà mìíràn á pọ́n. Kò sí ìkankan nínú àwọn olùkọ́ tí mo bá pàdé ní sáà tó kọ́ wa ní èyí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rò pé a ti mọ̀ ọ́n.

Òun náà ló sọ ìtàn Augusta Savage fún wa. Ọmọ Florida ni, ère ló ń mọ, Harlem ló ń gbé. Ní 1923, ó kọ̀wé sí iléèwé ìgbà ooru kan ní Fontainebleau, nílẹ̀ Faransé, tó ń gba àwọn obìnrin Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n ní kó má wá mọ́. Kò gbé e mì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde sínú ìwé ìròyìn. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Harlem ni àwọn ọmọ ń wá kọ́ṣẹ́ sí. Jacob Lawrence, ayàwòrán tó lókìkí, wà lára wọn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá bi mí pé kí ló dé tí àwọn ọmọ dúdú fi nílò sọ́mà tiwọn, mo máa ń dá a lóhùn pé sọ́mà gan-an ni wọ́n ti lé tiwa kúrò.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ HEOP o, ẹ̀yin ará New York. Ètò ìrànwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn, láti 1969, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn iléèwé gíga aládàáni. Pratt, iléèwé iṣẹ́ ọnà ní Brooklyn, wà lára wọn. Òun náà ní sọ́mà tirẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé sílé yín àti èsì ìdánwò ọmọ ló ń wò, kì í wo àwọ̀. Ẹ béèrè nípa méjèèjì.

Mọ́mì Maryland

Ẹ ṣeun, àǹtí. Èmi wà lára àwọn tó bi yín léèrè, mi ò ní sá pamọ́. Ọkọ mi ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ọmọ tó gba A nínú Kẹ́mísìrì kò gbọdọ̀ lọ máa kun ọ̀dà kiri. A bẹ̀ ẹ́ títí, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, kò dáhùn.

Ẹ wá wo ohun tó yí i lọ́kàn padà. A mú àwọn àlejò láti Ìbàdàn lọ sí Washington, a wọ National Portrait Gallery, a dé ibi àwòrán Obama, èyí tó jókòó sórí àga tí ewé àti òdòdó yí i ká. Ọkọ mi tẹ̀ síwájú kó lè ka orúkọ ẹni tó yà á. "Kehinde Wiley. Kẹ́hìndé kẹ̀? Kẹ́hìndé tiwa?" Ó dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe dúró níwájú George Washington lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ pé èló ni wọ́n san fún ọkùnrin náà. Nígbà tá a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, ó ní, "Fọ́ọ̀mù yẹn dà?"

Wọ́n ti gba ọmọ mi báyìí, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Àmọ́ nǹkan kan ṣì ń dá mi láàmú. Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n máa ń mú ènìyàn wá síwájú àwọn ọmọ ní ìhòòhò kí wọ́n máa yà á?

Ọmọ Ìbàdàn ní Atlanta

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ rọra sọ fún Dádì pé Ibibio ni bàbá Kehinde Wiley, kì í ṣe Yorùbá. Ìbejì ni lóòótọ́ ṣá, Táyé rẹ̀ wà. (Ẹ lè dúró dìgbà tí wọ́n bá san owó iléèwé tán kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn.)

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìhòòhò yẹn. Life drawing ni wọ́n ń pè é, ọdún kìíní ló sì sábà máa ń wà. Ẹni tó ń dúró fún wọn, iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún un ni; kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ á ti gbàgbé pé ìhòòhò ni, ọ̀rọ̀ eegun èjìká ni yóò gbà á lọ́kàn. Ní sọ́mà tèmi, bàbá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan ni wọ́n mú wá, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Wọ́n fẹ́ kójú wa kọ́kọ́ mọ́ ọn ni. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, torí ọmọ alàgbà ni mí.

Chicago la wà

Tèmi ní Chicago nìyí. Wọ́n kó wa lọ sí Art Institute, ilé tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà jọ sí, wọ́n ní kí oníkálùkù mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó jókòó tì í lọ́sàn-án gbogbo, kó yà á. Àwọn ẹgbẹ́ mi sáré lọ síbi àwọn Faransé. Èmi ṣìnà bọ́ sí ibi iṣẹ́ Áfíríkà, mo bá òpó kan tó ga, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, láàárín 1910 sí 1914, fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni màmá mi.

Ẹ ò rí iṣẹ́! Ọba jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, kò kanlẹ̀. Olorì dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó tóbi jù ú lọ fíìfíì, ó di àga náà mú. Ẹyẹ bà sórí adé. Mo yà á títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ tilẹ̀kùn. Nígbà tó kan mi ní crit, ọmọkùnrin kan sọ pé mo ṣì í yà, pé ọba ló yẹ kó tóbi jù. Mo ní rárá o, ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe: àwọn ìyá ló ń gbé ọba ró, ẹyẹ orí adé yẹn náà, agbára wọn ló ń sọ. Nǹkan tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà láti kékeré ni, mi ò mọ̀ pé ó lè wúlò fún mi nínú kíláàsì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè lóríṣiríṣi.

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí màmá mi lórí WhatsApp. Obìnrin tó ti ń pè mí ní ọ̀lẹ láti ọjọ́ tí mo ti yan iṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì kí mi.

Ẹ̀gbọ́n Houston

Mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ ń sọ, ó dùn mọ́ mi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bu omi díẹ̀ sí i. Ìgbà ooru ni mo máa ń fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kí n lè rówó sáà ná. Owó táṣẹ́rẹ́ tí ètò náà fún wa kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí mi ò bá ti rí níbi iṣẹ́. Wọ́n ya fọ́tò wa lójoojúmọ́. Títí di òní, ojú mi wà nínú ìwé tí iléèwé yẹn fi ń wá akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń bójú tó wa ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ọ́fíìsì pa. Èmi nìkan ni dúdú nínú kíláàsì ère. Orúkọ ọmọ dúdú mìíràn ni olùkọ́ fi ń pè mí títí di Kérésì. Àwọn kan nínú kíláàsì tún wá ń bi mí bóyá ètò yẹn ni mo gbà wọlé, bíi pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo bá wọlé.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ bi iléèwé ni pé: ta ló máa wà níbẹ̀ nígbà tí sáà bá ti wọra? Ṣé wọ́n ń sanwó fún un dáadáa, àbí olùkọ́ tó ti níṣẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ni wọ́n tún di èyí rù?

Ará Brooklyn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọ́. Àwọn tá a jọ ṣe sọ́mà ló mú kí tèmi yè, kì í ṣe ọ́fíìsì. Tí mo bá wọ ilé oúnjẹ, ó dá mi lójú pé mo máa rẹ́ni jókòó tì. Kọ́bọ́ọ̀dù kan sì wà tí àwọn tó ń jáde máa ń kó nǹkan sí: rúlà, abẹ tí wọ́n fi ń gé páálí, ọ̀dà tí wọn ò lò tán. Ohun èlò ọdún kìíní lè lé ní $600 láìka láptọ́ọ̀pù, kò sì sẹ́ni tó máa ń sọ fún òbí ṣáájú.

Òṣìṣẹ́ àná

Mo bá wọn ṣe irú ètò yìí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ní ìparí oṣù kẹfà 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé iléèwé gíga kò gbọdọ̀ máa wo àwọ̀ mọ́ tó bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbàwọlé ni ẹjọ́ náà dá lé lórí, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì mú àwọn lọ́yà iléèwé, wọ́n wá ń yẹ gbogbo fọ́ọ̀mù wò. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n yọ "Black" kúrò lára orúkọ ètò náà. Wọ́n ní ó di ti ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa lọ yunifásítì nílé wọn, tàbí tó bá nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ ọnà adúláwọ̀. Iṣẹ́ tá à ń ṣe kò yí padà. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fi orúkọ àtijọ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ pe iléèwé lórí fóònù.

Bàbá Detroit

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ dísáìnì ní pàtó, ẹ wo Pensole Lewis níbí. Violet Lewis ló dá iléèwé Lewis sílẹ̀ ní 1928. Ó ti pa dé kí D'Wayne Edwards, ẹni tó ti ń ya bàtà fún ilé iṣẹ́ bàtà Jordan, tó wá jí i dìde ní 2022. Àwọn dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò nílò afárá kankan níbẹ̀, torí kò sódò tóun fẹ́ sọdá. Ẹnu rẹ̀ mú.

Mọ́mì Maryland

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan tó kù: oúnjẹ ńkọ́?

Ará Brooklyn

Ó wà nínú rẹ̀ ní ti iléèwé wa, mà, àmọ́ kò dùn lẹ́nu. Ẹ fi ata gbígbẹ àti gààrí sínú àpótí rẹ̀. Kíṣìnì wà nínú họ́sítẹ́lì. Ẹ ṣáà sọ fún un pé kó ṣí fèrèsé kó tó din ata, torí tí agogo iná bá dún, gbogbo ilé ló máa sọ̀ kalẹ̀ sí títì.