Ẹyin inú omi iyọ̀: báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé ẹ̀?

Ẹ̀yin tíṣà físíìsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Pressure, ìyẹn bí omi ṣe ń tẹ nǹkan, ti yé àwọn ọmọ SS2 mi, mo dáhò mẹ́ta sára kẹ́ẹ̀gì omi, tìsàlẹ̀ ló tú jìnnà jù, wọ́n rí i. Upthrust, ìyẹn agbára tí omi fi ń ti nǹkan sókè, ló kù. Ẹyin tútù rì sínú omi lásán, mo wá ń da iyọ̀ sí i mo ń rò ó títí ó fi léfòó, inú wọn dùn gan-an, àmọ́ wọ́n ní iyọ̀ ló jẹ́ kí ẹyin fúyẹ́! Mo ní ẹyin ò yí padà, omi ló wúwo sí i, kò wọlé. A ò ní spring balance, ìyẹn ìwọ̀n onísípíríǹgì tí wọ́n ń fi nǹkan kọ́, ṣé rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó lè ṣe é, ká fi so òkúta ká rì í sómi, kí wọ́n rí i bí rọ́bà náà ṣe ń súnkì?